Ta Ni Ẹ Bi Kí Ẹ Tó Gba Charles Taylor Sílé?

Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́,

Ní ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2003 yìí, Charles Taylor gbé ìjọba Làìbéríà sílẹ̀, ó wọ bàálù, ó balẹ̀ sọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin lẹ pè é. Wọ́n ti wá ilé fún un ní Kàlàbá. A gbọ́ àlàyé yín pé bí kò bá kúrò ní Monrovia, ẹ̀jẹ̀ kò ní yéé ṣàn níbẹ̀. Ó dáa. Ta ni ẹ bi nínú wa?

Bàbá, ṣé ẹ bi ẹbí Tayo Awotusin? Ní ọdún 1990, iṣẹ́ ìwé ìròyìn Champion ló gbé e dé Làìbéríà, ti Guardian ló gbé Krees Imodibie. Wọn kò gbé ìbọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ gbọ́, kí wọ́n lè kọ ọ́ fún wa kà. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ọ̀tẹ̀ Taylor tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. Inú ń bí Taylor sí Nàìjíríà nígbà náà, torí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Nàìjíríà ń ṣaájú, ni kò jẹ́ kó gba Monrovia, olú-ìlú. Títí di òní, ẹnì kan ò dúró níwájú adájọ́ lórí ikú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá àwọn tó pa wọ́n ni ẹ wá tẹ́ ẹní fún!

Ẹ mọ ìyókù ìtàn rẹ̀ jù mí lọ. Wọ́n ní wọ́n dìbò yàn án ní 1997, pé ó gba nǹkan bí 75 nínú ìbò 100. Ìbò ìbẹ̀rù ni. Àwọn aráàlú mọ̀ pé bó bá fìdí rẹmi, yóò padà sínú igbó. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe ní Freetown sì ti fi ẹ̀sùn 17 kàn án, lórí ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Sierra Leone.

Ẹ̀yin gan-an mọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe rí. Nígbà tí Abacha, olórí ìjọba ológun, jù yín sí i ní 1995 lórí ẹ̀sùn pé ẹ dìtẹ̀ sí ìjọba rẹ̀, akọ̀ròyìn mẹ́rin ni wọ́n dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ kan náà, Kúnlé Àjíbádé wà nínú wọn, nítorí ohun tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó kù níta ò sì dákẹ́ lórí ọ̀ràn yín. Ṣé ẹ̀san wa nìyí?

Ẹ fà á lé ilé-ẹjọ́ Freetown lọ́wọ́. Ìlérí tí ẹ bá ṣe fún apànìyàn kò di àwọn tó pa lọ́wọ́. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ sọ fún wa ẹni tó ń sanwó oúnjẹ rẹ̀ àti ti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe ẹbí Awotusin àti ti Imodibie wá sí Aso Rock, kí ẹ fẹnu ara yín ṣàlàyé fún wọn. Ẹ pe opó àwọn sójà ECOMOG tó ṣubú ní Làìbéríà náà.

Àbí kí la fẹ́ retí? Láti 1986 tí wọ́n ti fi bọ́ǹbù pa akọ̀ròyìn Dele Giwa, a ò rí ẹni tó jẹ̀bi. Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́ tiyín fúnra yín, wọ́n yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá 2001. Ọdún kejì rèé tó ń lọ, Bàbá. Ta ló pa á?