Ọjọ́ tí wọ́n dá fún bíbọ̀ Jésù máa ń yẹ̀, àmọ́ èèyàn kì í tètè túká lẹ́yìn ẹni tó dá a

Ẹni tó bá wọ Micra láti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀, tàbí tó rìn gba Àgbowó kọjá nírọ̀lẹ́, kò ní í ṣàì rí i kà lára ọkọ̀ tàbí lára ògiri pé Jésù ń bọ̀ láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun lójú ará Ìbàdàn, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Ìgbà tí ẹnì kan bá yọ “láìpẹ́” kúrò níbẹ̀, tó fi ọjọ́ àti oṣù rọ́pò rẹ̀, ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní September, ọdún 2025, nígbà tí oníwàásù ará South Africa kan, Joshua Mhlakela, kéde pé Jésù fara han òun, àti pé ọjọ́ 23 àti ọjọ́ 24 oṣù náà ni ìgbàsókè àwọn onígbàgbọ́ yóò wáyé. Orí TikTok ni ọ̀rọ̀ náà gbà rin ayé já. Ọjọ́ pé, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ sì tún mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n tún mú ọjọ́ mìíràn nínú oṣù October. Ìyẹn náà yẹ̀.

Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi irú ọ̀rọ̀ báyìí rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Oǹdó lọ́dún 2022 kò ní í rẹ́rìn-ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July ọdún náà ni àwọn ọlọ́pàá ya wọ Whole Bible Believers Church, ládùúgbò Valentino, tí wọ́n sì kó èèyàn 77 jáde nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àgbàlagbà 43 ló wà nínú wọn, ọ̀dọ́ tí kò tíì tó ogún ọdún jẹ́ mẹ́jọ, nígbà tí àwọn ọmọdé jẹ́ 26. Gẹ́gẹ́ bí Alukoro iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Funmilayo Odunlami, ti ṣàlàyé, igbákejì pásítọ̀ ìjọ náà ló sọ fún àwọn èèyàn pé April ni ìgbàsókè, kó tó di pé ó sún un sí September, tó sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ má gbọ́ràn sí òbí kankan lẹ́nu àyàfi òbí tó wà nínú Olúwa.

Ẹ jẹ́ ká tún un wò dáadáa. April ti kọjá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ nínú oṣù July wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá yẹ̀, àṣẹ tó bá a rìn kò yẹ̀. Ohun tó yẹ kí ará ìlú máa fojú ṣọ́ jù nìyẹn, nítorí ẹni tó bá ti ya ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kò nílò kí ọjọ́ kankan ṣẹ mọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ dá ọjọ́ ní ayé òde òní tiẹ̀ máa ń ní ìṣirò tí wọ́n gbé síta fún gbogbo èèyàn láti yẹ̀ wò. William Miller, àgbẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó tún ń wàásù, mú 2,300 ọjọ́ tó wà nínú ìwé Dáníẹ́lì orí 8, ó ní ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan, ó sì kà á láti ọdún 457 ṣáájú ìbí Jésù. Ọjọ́ 22, oṣù October, ọdún 1844 ni ìkà náà bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Àwọn kan lára ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ kórè oko wọn lọ́dún náà. Charles Taze Russell, tí àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà jáde láti inú ẹgbẹ́ rẹ̀, ka 2,520 ọdún tirẹ̀ dé 1914. Ní ti Hal Lindsey, inú ìwé tó ṣe lọ́dún 1970 ló ti tọ́ka sí 1948 tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀, ó ní ìran kan tó nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹni tó bá fi 40 kún 1948 yóò bá a ní 1988, Edgar Whisenant sì kọ ìwé tó fi ka ìdí 88 tí ìgbàsókè yóò fi wáyé lọ́dún náà. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn kà, ọdún tí wọ́n rí níbẹ̀ kò pa pọ̀.

Ìṣirò Miller kò sì ṣàì kan Ìbàdàn. Lára àwọn tí ìjákulẹ̀ 1844 bá ni ìjọ Seventh-day Adventist ti jáde, ìjọ yìí sì ni David Babcock gbé wá sí Erunmu, lẹ́bàá Ìbàdàn, lọ́dún 1914, ọdún tí Lugard pa Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Àwọn Adventist gbà títí dòní pé bíbọ̀ náà sún mọ́lé, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ọjọ́ mọ́. Ojú wọn ti rí i.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbà ń túmọ̀ rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó wà ní Bódìjà, ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà jogún láti ọ̀dọ̀ Augustine ni pé ẹgbẹ̀rún ọdún tó wà nínú Ìfihàn orí 20 kì í ṣe ọdún tí èèyàn ń fi kàlẹ́ńdà kà. Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ní tiwọn gbà pé ìgbàsókè ló máa ṣáájú, kí ọdún méje ìpọ́njú ńlá tó dé, èrò tí John Nelson Darby tàn kálẹ̀ láti nǹkan bí 1830, tí Bíbélì Scofield ti ọdún 1909 sì gbé dé ibi púpọ̀. Síbẹ̀, àtàwọn tòótọ́ àtàwọn tó ń bá wọn jiyàn, Mátíù orí 24, ẹsẹ 36, tó sọ pé Baba nìkan ló mọ ọjọ́ náà, ni wọ́n jọ ń tọ́ka sí.

Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó ń wàásù jù pé ó lè dé nígbàkigbà kì í jókòó tẹ́tẹrẹ. Ìjọ Sword of the Spirit ti Bíṣọ́ọ̀bù Francis Wale Oke, tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, gba àṣẹ Yunifásítì Precious Cornerstone lọ́dún 2017. Ẹni tó dá yunifásítì sílẹ̀ ti mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni ọmọ tó wọlé lónìí yóò lò kó tó gboyè. Pọ́ọ̀lù pàápàá bá àwọn ará Tẹsalóníkà tó pa iṣẹ́ tì wí nínú ìwé rẹ̀ kejì sí wọn, ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ jẹun.

Ibi tí wọn kò bá ti gba ìbáwí yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí ọjọ́ bá yẹ̀ ni ewu máa ń pọ̀. Ní Kanungu, lórílẹ̀-èdè Uganda, ìparí ọdún 1999 ni wọ́n dá. Nígbà tó yẹ̀, wọ́n sún un síwájú, ní ọjọ́ 17, oṣù March, ọdún 2000, iná jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pa nínú ilé ìjọsìn. Ní Shakahola, ní Kenya, òkú tó lé ní 400 ni wọ́n hú jáde láti ọdún 2023, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù.

Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún oníkálukú lómìnira láti gba ohun tó bá wù ú gbọ́, kò sì yẹ kí ọlọ́pàá máa dájọ́ lórí ìtumọ̀ Dáníẹ́lì. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ dúró de September, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Ti àwọn ọmọ 26 yẹn yàtọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́ títí yóò fi parí ìpele kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré, kò sì yọ ẹni tó ń retí ìgbàsókè sílẹ̀. September tí wọ́n sún ọjọ́ náà sí ní Oǹdó gan-an ni oṣù tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀.