Ìlú Ayétòrò àti Òkun

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, kò sì sí àwọn tí òwe náà bá mu ju àwọn ará Ìlàjẹ lọ ní ẹ̀bá òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ná ọjà Igbókòdá mọ̀ wọ́n dáadáa. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹja kiri, dé Èkó, dé ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Níbi tí ẹja bá pọ̀ sí, wọn a pa àgọ́ síbẹ̀, wọn a pẹja, wọn a yan án, wọn a sì tà á. Àwọn kan a máa pè wọ́n ní alárìnkiri. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí òun yóò padà sí kì í ṣe alárìnkiri, arìnrìnàjò ni.

Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé òkun ń gba ibi tí wọn ìbá padà sí. Ẹ wo Ayétòrò. Ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan, tí a ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, tẹ ìlú náà dó. Wọ́n pa owó àti iṣẹ́ wọn pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba owó ọ̀yà, àpò ìlú ni a fi ń bọ́ tọmọdé tàgbà. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Lóòótọ́, ní nǹkan bí 1968, wọ́n gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú dúró.

Lónìí, ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ ti di omi. Ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́, ibojì: òkun kò yan ọ̀kan sí. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹrẹ̀ ni etí òkun Máhìn, kì í ṣe iyanrìn, ìgbì a sì máa tètè jẹ ẹ́. Omi òkun ń ga sí i bí ayé ti ń gbóná. Àwọn tí ń wa epo rọ̀bì sì ti la ojú omi já sí òkun ní agbègbè Awóyè, omi iyọ̀ sì wọlé pa igi àti ẹja omi tútù.

Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ dídi etí òkun Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, ó tún gbé e fún òmíràn ní 2009. Ìwé àdéhùn kò dá ìgbì dúró.

Àwọn kan a wí pé, ‘Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó lọ sí ibòmíràn.’ Ibo? Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ ń bẹ ní Mákòko l’Ékòó. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn ará etí omi ibẹ̀ ní wákàtí 72, a sì wó ilé wọn. Ẹni tí òkun lé ní ilé, ìjọba tún lé e ní èbúté.

Èrò tiwa nìyí. Kí a di etí òkun náà ní tòótọ́, kí a sì jíhìn owó rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí àwọn ẹnjiníà bá wí pé kò lè dúró, kí ìjọba wá ìyàngbẹ ilẹ̀ tí ó súnmọ́ omi, kí a kọ ọ́ sí orúkọ ìlú, kí a sì kó gbogbo wọn lọ pọ̀ ní ọjọ́ tí ojú ṣì mọ́lẹ̀. Pákó àti páànù kì í ṣe Ayétòrò. Ọkọ̀ kan lè kó wọn. Ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn náà pa pọ̀ ni ìlú. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá lọ pẹja ní Kamẹrúùnù yóò fẹ́ padà wálé, kì yóò sì rí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.