Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣa Ọsàn: Ojú Ta Ló Ń Lò?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwa tí à ń ta ọsàn, tòmátò, máńgòrò àti gbogbo èso tó máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn aláṣọ má ṣí ojú ewé yìí kọjá o, torí ohun tó bá ojú ló bá imú.

Ẹ ti ń gbọ́ ọ pé ẹ̀rọ kan wà nílùú òyìnbó tó ń fi kámẹ́rà ṣa èso. Òótọ́ ni. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á da ọsàn tàbí ápù sórí bẹ́líìtì tó ń rìn, èso á máa yí bìrí bó ṣe ń lọ, kámẹ́rà tó wà lókè á máa ya fọ́tò rẹ̀ yípo. Kọ̀ǹpútà á wo bó ṣe tóbi tó, á wo àwọ̀ rẹ̀, á wo àpá ara rẹ̀ àti ibi tó ti gbọgbẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti pín in: ìwọ, bọ́ sínú páálí àkọ́kọ́, ìwọ, lọ síbi tí wọ́n ti ń fún omi ọsàn, ìwọ, ó di ààtàn. Òmíràn tiẹ̀ ń lo ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí, tó fi ń mọ̀ bóyá inú èso dùn tàbí ó ti ń dúdú, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ìlà kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ yìí lè ṣa bí èso mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé-iṣẹ́ TOMRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Norway ní 1972 láti máa ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ìgò òfìfo, wà lára àwọn tó ń ṣe é báyìí. Láti ìdí ìgò dé ìdí ápù!

Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ká lé ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Gbogbo wa la mọ apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí òkè rẹ̀ ń dán gbinrin, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ọbẹ̀. Alágbàtà á ní láti oko ni, àgbẹ̀ á ní ojú ọ̀nà ni, ẹni tó ti sanwó ló máa wọ gbèsè. Ẹ̀rọ ò mọ ẹbí, kò mọ ará, kì í rẹ̀ ẹ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, kì í sì í fi rere bo burúkú. Ibi tó ti dáa nìyẹn, kò sì yẹ ká fi ṣe ìjà.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló kọ́ ọ ní èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa? Wọn ò bí ìmọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Fọ́tò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò, tí èèyàn ẹlẹ́ran ara ti kọ́kọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan pé èyí ni àkọ́kọ́, èyí ni ìkejì.

Ní ilẹ̀ Japan, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Makoto Koike. Àgbẹ̀ kùkúńbà làwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣa kùkúńbà oko wọn, ọ̀nà 9 ló sì ń pín in sí. Bí ìkórè bá gbóná, ó lè tó wákàtí 8 lóòjọ́ tí ìyá á fi jókòó tì í. Ọmọ yìí, tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí, wá ya fọ́tò èyí tí ìyá ti ṣà. Oṣù 3 ló fi yà á, ó tó 7,000 fọ́tò, òun ló fi kọ́ ẹ̀rọ tó ṣe. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2016. Nígbà tó ń fi fọ́tò dán an wò, ẹ̀rọ ń gbà á tó bí 95 nínú 100. Nígbà tó dójú iṣẹ́ gan-an, ó já wálẹ̀ sí bí 70, òun fúnra rẹ̀ sì fura pé fọ́tò tó fi kọ́ ọ kò pọ̀ tó ni. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyá! Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ojú ìyá yẹn ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Ọsàn tiwa, títí kan èyí tó ń ti Benue wá, lè pọ́n, kó dùn bí oyin, kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Òtútù òru ló máa ń jẹ́ kí èèpo ọsàn di pupa rẹ́súrẹ́sú nílùú òyìnbó, àwa ò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Àwọn náà, tí èèpo bá kọ̀ tí kò yí àwọ̀, inú yàrá ni wọ́n ń kó ọsàn sí, wọ́n á tú gáàsì kan sí i kó lè pa àwọ̀ ewé yẹn rẹ́. Adùn rẹ̀ ò lé sí i o, ojú lásán ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dáa. Bí ẹnì kan bá fi ọsàn Spain kọ́ ẹ̀rọ, tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tó dùn jù lórí àtẹ wa ló máa pè ní àìpọ́n. Ẹni tó fẹ́ rà á á sì já owó wálẹ̀, á ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta lẹ fẹ́ bá nájà níbẹ̀? Èèyàn la lè bẹ̀, èèyàn la lè fún léènì.

Kò sí ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ ńlá yẹn wá sí ìsọ̀ wa lọ́la, owó rẹ̀ pọ̀, iná wa náà kẹ́ ẹ sì mọ̀. Fóònù ni mo fura sí. Kámẹ́rà wà lára rẹ̀, ó sì ti wà lápò gbogbo àwọn tó ń wá kó ọjà.

Ìyá tó ti ta ọsàn fún ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ, omi kún inú rẹ̀. Ó mọ èyí tí eṣinṣin ti gún, ó mọ èyí tó máa dé ọjọ́ karùn-ún kó tó rà. Kò sí ibi tí a kọ gbogbo ìyẹn sí.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́sàn jókòó ṣáájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí wọ́n fẹnu kò sórí ohun tí à ń pè ní àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí ọsàn elépo tútù tó ti pọ́n sì wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tàbí fóònù díwọ̀n ọjà wa, kó kọ́kọ́ wá sí gbàgede. Ọsàn 100 la máa kó sílẹ̀, kó ṣà, káwa náà ṣà, ká wá fi ọ̀bẹ là wọ́n níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ ló máa san owó ọsàn náà. Mo ti bá akápò sọ ọ́, kò tíì dáhùn.