Onílé ló ni ilé, kò ni ayálégbé

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á sọ ọ́.

Ní àdúgbò wa ní Pénéssoulou, ìyá àgbà kan ń gbé yàrá kan ní ilé onílé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀wà sísè ni ó ń tà. 3000 fráǹkì ni ó ń san lóṣooṣù. Ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 11.

Nígbà tí onílé kú, ọmọ rẹ̀ gba ilé. Ó rí ẹlòmíràn tí yóò san 8000 fráǹkì. Kò sọ ìyẹn fún ìyá. Ó ní ìyá jẹ gbèsè oṣù 6. Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ pa. Ó ní kí ìyá má fa omi nínú kànga mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gun òrùlé, ó ṣí páànù méjì kúrò lórí yàrá náà. Ìgbà òjò sì ni.

Kí ni àwa aládùúgbò ṣe? A dákẹ́. A ní: «Ilé bàbá rẹ̀ ni, kò kàn wá.» Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síhìn-ín.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá ta iṣu fún ọ, tí mo gba owó, ṣé mo lè wọ ilé ìdáná rẹ lọ gbé iṣu náà padà? Ẹni tó gba owó oṣù ti ta ibùsùn oṣù náà. Àwọn àgbà sì ní: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Àwọn mìíràn ní kí ìyá padà sí ìlú rẹ̀. Ìlú wo? Ní agbègbè Bassila níbí, Nàgó, Anii, Lokpa, Kótókolí àti Fúlàní jọ ń gbé ni. Ta ni nínú wa tí baba rẹ̀ kò ti ibì kan wá? Ibi tí ènìyàn ti lo ọdún 11, ìlú rẹ̀ ni.

Obìnrin kan ní kíláàsì wa ló la ojú mi. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń kọ orúkọ àti iye owó. Kí ni a ó fi ṣe?» A mú ìwé kan, a jókòó ti ìyá. A kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ń sanwó. Gbèsè oṣù 6 di oṣù 1. A dá owó náà jọ, a san án. Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́wàá lọ bá olórí àdúgbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè pe ìyá kan ní òpùrọ́. Kò lè pe ènìyàn mẹ́wàá bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, páànù ti padà sí orí ilé.

Ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ yàrá rẹ̀. Onílé lè béèrè fún ilé rẹ̀, èmi kò sọ pé kò lè béèrè. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní àkókò. Bí wọn kò bá sì gbọ́ ara wọn yé, adájọ́ ni yóò dá a, kì í ṣe àkàbà àti òòlù.

Òfin wà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kéje ọdún 2018, ilẹ̀ Benin ṣe òfin lórí ilé yíyá. Òfin náà ní kí onílé má gba kósíọ̀n ju owó oṣù 3 lọ. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá fi agbára lé ayálégbé, tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn, lè san 250 000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6.

Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn fúnra rẹ̀. Ní ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 1915, àwọn onílé bù owó lé owó ilé nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin, tí Mary Barbour wà níwájú wọn, kọ̀ láti san àfikún náà. Bí àwọn tí ń léni jáde bá dé, obìnrin kan á lu agogo, gbogbo àdúgbò á jáde, wọn á sì máa ju ìyẹ̀fun lù wọ́n. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ṣe òfin tí kò jẹ́ kí owó ilé gòkè mọ́. Aládùúgbò ló bí òfin náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ kọ owó ilé tí ẹ bá san sínú ìwé, kí onílé fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá mọ̀wé, ẹ bá àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kọ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ ariwo páànù lórí ilé ẹnì kan, ẹ jáde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wà nílé kí òjò máa pa àgbà.