Ìpín Ilé-Iṣẹ́ Tó Ń Kó Dátà Pamọ́: Èwo Ni Ká Rà?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ìlú Bìní, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká yé kó gbogbo owó sórí ilẹ̀ àti àjọ, ká ra ìpín ilé-iṣẹ́ tó ń kó dátà pamọ́. Àwọn àgbà kọ̀, wọ́n rántí bí ìpín ṣe já lulẹ̀ ní 2008. Èmi gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọmọ wa, Funke Opeke, ará Ilé-Olújì, ló dá MainOne sílẹ̀ ní 2008. Wáyà tí wọ́n fà gba abẹ́ òkun dé Èkó ní 2010, wọ́n sì kọ́ ilé ìpamọ́ dátà sí Lẹ́kí. Ní 2022, Equinix ti Amẹ́ríkà rà á ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Iṣẹ́ ìpamọ́ yìí gan-an ni Equinix ń jẹ, ó sì ń pín èrè lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, MTN àti Airtel ló wà. 2019 ni àwọn méjèèjì wọ ọjà ìpín l'Ékòó. MTN ṣí ilé ìpamọ́ dátà tirẹ̀ n'Íkẹjà ní 2025. Airtel fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀ ní Eko Atlantic ní 2024. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o: owó ìpè àti dátà orí fóònù ló ń bọ́ wọn jù, ìpamọ́ ṣì kéré níbẹ̀.

MTN ta ìpín fún aráàlú ní 169 náírà ní ìparí 2021. Nígbà tí náírà já, gbèsè dọ́là àti owó òpó tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á: ó pàdánù bílíọ̀nù 137 náírà ní 2023, àti bílíọ̀nù 400 ní 2024. Èrè ọdún 2024, kọ́bọ̀ kan ò wọlé. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rù, wọ́n tà. Ní 2025, ìpín náà kọjá 400 náírà, àwọn tó ti tà wá ń jẹka àbámọ̀.

Ti Airtel, ẹyọ kan ju 2,000 náírà lọ ní 2025, ìpín tó sì wà lọ́wọ́ aráàlú níbí kò pọ̀. Bí ìyá kan l'Ọ́jà Ọba bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ ìnira, ó lè má tètè rí ẹni tí yóò rà á. Nítorí náà, MTN ni mo fara mọ́ fún ẹni tó lè fi owó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀. Kó má ṣe jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ wá fi owó sórí fóònù, pé yóò di ìlọ́po méjì lóṣù kan, ẹ rántí CBEX ti 2025.

A ó pe alágbàtà ìpín kan wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìpín àtijọ́ nínú àpótí, kó mú un dání. Ó ṣeé ṣe kí èrè tí kò tíì gbà ṣì wà níbẹ̀.