Òfin Ni Ó Jìnnà, Kì Í Ṣe Lọ́ńdọ́nù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú fi ń gbéni láti Èkó dé Lọ́ńdọ́nù. Aya tí ń lọ bá ọkọ rẹ̀ kò ka èyí sí nǹkan. Òfin ni ó sọ ìrìn náà di ti ọdún púpọ̀. Ní 2012, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé ẹni tí ó ti di ará ìlú wọn, tí owó tí ń wọlé fún un kò bá tó £18,600 lọ́dún, kò gbọdọ̀ mú aya tàbí ọkọ wá láti òkèèrè. Ní 2024 wọ́n gbé e dé £29,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 náà, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọkọ, aya àti ọmọ àwọn olùtọ́jú arúgbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà láti ilẹ̀ òkèèrè.

A bèèrè: ẹni tí ń wẹ ìyá onílé, ṣé igi ni? Wọ́n ní àlejò pọ̀ jù. Ta ni ó ránṣẹ́ pè wọ́n? Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ẹni tí ó fẹ́ kí a gbé igbá òun kò gbọdọ̀ dè wá lọ́wọ́ kan.

A ké sí ìjọba wa ní Àbújá: ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.