Ohun tí Ọwọ́ Rẹ Wọ̀n Ni Kí O Kọ

Ọ̀rọ̀ òkúta tí a so mọ́ òwú ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju òkúta lọ.

Ní sáà kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde sí abẹ́ igi máńgòrò. Mo so òkúta kékeré mọ́ òwú, mo so ó rọ̀ sára ẹ̀ka, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀, bí ọmọdé tó wà lórí jàńgílófà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní péńdúlọ̀mù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé bí a bá fi òkúta tó wúwo jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀, ṣé yóò yára sí i? Gbogbo wọn pariwo pé yóò yára. Mo ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹ dán an wò.

Wọ́n wọn òwú ní sẹ̀ǹtímítà 25, láti ibi tí a ti so ó dé àárín òkúta. Wọ́n ka àlọ-àbọ̀ mẹ́wàá, aago ọwọ́ mi sì ka ìṣẹ́jú-àáyá 10. Wọ́n so òkúta ńlá rọ̀ sí gígùn kan náà, 10 náà ni. Ìwúwo kò yí i padà. Wọ́n sọ òwú di 50, wọ́n ń retí 20, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 14 ni wọ́n rí. Ìgbà tí òwú di 100 ni wọ́n tó rí 20. Òwú ní láti gùn ní ìlọ́po mẹ́rin kí àkókò tó di ìlọ́po méjì.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, ọmọbìnrin kan kọ 13, 15 àti 14 fún òwú 50, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Ọmọkùnrin kan tó mọ ìwé dáadáa kọ 14.2 ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Aago mi kò sì lè ka ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá! Inú fọ́múlà ló ti ṣírò rẹ̀, kò ka ohunkóhun. Mo fún ọmọbìnrin náà ní máàkì tó pọ̀ jù.

Bàbá ọmọkùnrin náà tọ̀ mí wá. Ó ní, "Àfáà, ṣebí ohun tí ọmọ mi kọ ló tọ̀nà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, iye náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé òun kà á, kò sì kà á. Ẹlẹ́rìí tí kò dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni."

Ẹ má ṣe rò pé mo le jù. Galileo, ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Ítálì tó kú ní 1642, sọ pé yálà péńdúlọ̀mù fì jìnnà tàbí kò jìnnà, àkókò kan náà ni yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni a fà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fa òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, yóò pẹ́ sí i. Huygens ará Holland, tó ṣe aago onípéńdúlọ̀mù ní 1656, rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ó kàn da ọ̀rọ̀ Galileo kọ ni, kò ní rí i.

Ní 1672, wọ́n rán Richer láti ilẹ̀ Faransé lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tó sún mọ́ àárín ayé bíi tiwa níbí. Aago tó yẹ kó pé ń fi nǹkan bíi ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ pẹ́ lójúmọ́. Ó ní láti gé péńdúlọ̀mù rẹ̀ kúrú, kò tó mìlímítà 3. Ó lè fi í pamọ́ kí wọ́n má baà ní kò mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bó ṣe rí i. Nínú ìwé tí Newton gbé jáde ní 1687, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fi ṣàlàyé pé ayé wú díẹ̀ láàárín, àti pé agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan dín kù níbẹ̀. Iye tí kò bá ìwé mu ló di ìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó so òkúta mọ́ fèrèsé, ẹ má lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró de yàrá ìdánwò olówó ńlá; òwú, òkúta àti aago ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fún irọ́ tó bá ìwé mu ní máàkì. Ọmọ tó bá kọ́ láti parọ́ nípa òkúta lónìí, tí ó bá di dókítà, tàbí akápò mọ́sálásí, kí ni yóò kọ sínú ìwé wa?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí 13, 13 ni kí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà.